Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ àgùn tí a fi ń dán ilẹ̀ kọnkéré

Àwọn àbúrò wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba iṣẹ́ ńlá máa ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, nínú àwọn power trowel tí wọ́n ń gùn yìí, èwo ló tóbi jù, ká lọ wá owó ẹ̀?" Èmi náà á bi wọ́n padà: báwo ni kọnkéré ṣe ń dé sáìtì yín? Ibẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí, torí kọnkéré ló ń dá àkókò, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Ilẹ̀ ilé iṣẹ́ àti ilé ìkẹ́rùsí ni èmi ń ṣe, láti Agbára dé Ṣàgámù, pẹ̀lú ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ọkọ̀ apokọnkéré kan tó gbé kúbíìkì mítà 8, bí ilẹ̀ bá nípọn tó mílímítà 150, sìkúwíà mítà 53 péré ló máa bò. Ẹni tó fẹ́ da sìkúwíà mítà 800 lójúmọ́ nílò ọkọ̀ 15. Gbogbo wa la mọ ojú títì wa. Mẹ́ta lè dé lẹ́ẹ̀kan náà, kí go-slow mú ìkẹrin mọ́lẹ̀ ní Mọ́wé, oòrùn ò sì ní dúró dè é. Tó bá fi máa di ọ̀sán, apá kan nínú ilẹ̀ yẹn ti ń le, apá kejì ṣì ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo ò lè wà níbi méjì. Bó bá sì ṣe wúwo tó ni kọnkéré gbọ́dọ̀ ṣe le tó kó tó lè gbé e, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ máa dúró pẹ́ kí ẹ tó gùn ún, nígbà tí oòrùn ń lé yín.

Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ẹ̀rọ kéékèèké méjì ju ńlá kan lọ. Irú èyí tí orí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ibi tí àwọn bíléèdì tó ń dán ilẹ̀ ti ń yí lábẹ́ ẹ̀rọ, fẹ̀ tó ínṣì 36 ni mò ń sọ. Orí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ti di ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Èyí tó jẹ́ ínṣì 46 máa ń gbá ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dára níbi tí kọnkéré bá ń dé déédéé tí ilẹ̀ sì gbòòrò láìsí òpó púpọ̀. Àmọ́ bí ọ̀kan bá bàjẹ́ láàárín iṣẹ́, ẹni tó ní méjì ṣì lè parí iṣẹ́ ọjọ́ náà. Kọnkéré tí wọ́n ti dà sílẹ̀ kì í dúró de mẹkáníìkì.

Ẹ má fi aago mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ gùn ún. Èmi máa ń gbé bàtà lé ilẹ̀, kí n sì dúró gírí lórí ẹ̀. Bí ojú ẹsẹ̀ mi bá jìn tó mílímítà 6, ẹ̀rọ àfọwọ́tì ló lè débẹ̀. Ẹ̀rọ àgùn gbọ́dọ̀ dúró títí ojú ẹsẹ̀ ò fi ní jìn ju mílímítà 3 lọ, tí omi tó ń sun jáde látinú kọnkéré á sì ti gbẹ tán lójú ilẹ̀. Ẹ ṣọ́ra gan-an nígbà ọyẹ́. Atẹ́gùn gbígbẹ á ti gbẹ ojú kọnkéré, inú rẹ̀ á ṣì rọ̀, ẹni tó bá fi ojú nìkan wò ó á rò pé ó ti tó. Bí ẹ bá fi bíléèdì pa ojú rẹ̀ dé nígbà yẹn, omi àti afẹ́fẹ́ tó wà lábẹ́ ò ní rọ́nà jáde, ilẹ̀ náà á lé ròrò bí ara tí omi gbígbóná dà sí, tó bá yá, á máa ṣí kúrò. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni wọ́n omi tàbí sìmẹ́ńtì gbígbẹ sí i kó lè tètè dán. Á dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ilẹ̀ náà á máa yọ eruku, ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín á sì pè yín padà.

Ohun tí àwọn olùtà kì í sábà ṣàlàyé ni ọ̀rọ̀ orí méjèèjì. Nínú ẹ̀rọ kan, bíléèdì orí méjèèjì máa ń wọnú ara wọn bí wọ́n ṣe ń yí. Nínú òmíràn, olúkúlùkù dúró sí àyè tirẹ̀. Èyí tó ń wọnú ara rẹ̀ kì í fi ìlà sílẹ̀ láàárín, ó dára fún dídán ìgbẹ̀yìn, àmọ́ kò lè gba àwo irin róbótó tí à ń pè ní pan. Pan yìí ni èmi ò lè fi ṣeré. Òun ló ń gé ibi tó ga tó sì ń kó o sí ibi tó jin, òun ló ń jẹ́ kí ilẹ̀ tẹ́jú kí bíléèdì tó wá mú un dán. Ó tún ń pín ìwọ̀n ẹ̀rọ ká ilẹ̀, ẹ lè tètè gùn ún díẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ kan ṣoṣo lowó yín ká, ẹ ra èyí tí orí rẹ̀ ò wọnú ara wọn. Ìlà tó bá ṣẹ́ kù láàárín, awakọ̀ á gbá a nígbà tó bá ń padà bọ̀.

Ìyẹn ò ní kí ilẹ̀ dídán máà wúlò o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wa forklift tó gbé ẹrù sókè gan-an, títẹ́jú ilẹ̀ ló ń dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ẹ gbé igi gígùn tó tọ́, bíi mítà 3, lé ilẹ̀ tí ẹ ti ṣe kọjá, ẹ wo iye àyè tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ á sọ irú ẹ̀rọ tí ẹ nílò.

Ní ti ìdarí, ẹ̀rọ onílívà fúyẹ́, owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, wẹ́dà àdúgbò lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n apá á ro awakọ̀ nírọ̀lẹ́. Ti hydraulic, tí agbára epo ń darí, rọrùn lọ́wọ́. Bí ọ̀pá epo rẹ̀ bá bẹ́, epo á dà sórí kọnkéré tútù, àbàwọ́n náà kì í sì í lọ bọ̀rọ̀. Ẹni tó ń ṣe ilẹ̀ ńlá léraléra tó sì ní mẹkáníìkì tirẹ̀ ni mo lè ní kó rà á.

Ẹ́ńjìnì náà ńkọ́? Nínú àwọn oní-pẹtiróòlù, Honda GX690, tí agbára rẹ̀ tó agbára ẹṣin 22, wọ́pọ̀ lára ẹ̀rọ tó níwọ̀n. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni bóyá ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ládùúgbò yín mọ ẹ́ńjìnì náà, kí pátì rẹ̀ sì wà lọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ilé ìkẹ́rùsí tó ti lórùlé àti ògiri kì í ṣe ìta gbangba. Èéfín carbon monoxide ò ní òórùn, ò sì ní àwọ̀. Òun náà ni èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa odidi ìdílé mọ́ inú ilé. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ gbé fáànù ńlá síbẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ ọmọ iṣẹ́ kan, ẹ mú un jáde lójú ẹsẹ̀, ẹ sì pa ẹ̀rọ.

Ọ̀pọ̀ wa, tòkunbọ̀ la máa rà. Ẹ má wo ọ̀dà tuntun tí wọ́n kùn ún. Ẹ ní kí wọ́n gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ dọ̀bálẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Apá irin tó di bíléèdì mú gbọ́dọ̀ gún régé, gbogbo bíléèdì gbọ́dọ̀ fara kan ilẹ̀ bákan náà. Apá kan tó bá ti tẹ̀ á máa mú ẹ̀rọ gbọ̀n, á sì máa kọ ilà sí ilẹ̀ yín. Ẹ yí ohun tó ń gbé etí bíléèdì sókè lọ síwájú sẹ́yìn, kó lọ geerege. Bí sìmẹ́ńtì bá ti dì mọ́ ọn, ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ kì í fọ̀ ọ́. Ẹ fi ọwọ́ nu abẹ́ gíà bọ́kìsì, bí epo bá wà níbẹ̀, iye tí ẹ máa fi pààrọ̀ síìlì gbọ́dọ̀ kúrò nínú owó tí wọ́n pè.

Ẹ má náwó tán sórí ẹ̀rọ àgùn. Kò lè dé ẹ̀gbẹ́ ògiri, kò lè yí òpó ká dáadáa. Ẹ̀rọ àfọwọ́tì ínṣì 24 àti bíríkìlà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ló ń ṣe ibẹ̀, kí ẹ sì ti ronú lórí ohun tó máa gbé ẹ̀rọ àgùn yín gun ọkọ̀ àti èyí tó máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ sanwó, kí olùtà tan án lójú yín, kí ẹ gùn ún fúnra yín. Ohun tó ń pa ẹ́ńjìnì nígbà tí awakọ̀ bá kúrò lórí ẹ̀rọ, yálà ó wà lábẹ́ ìjókòó tàbí ní pédà, ẹ dán an wò. Bí ẹ bá dìde tí bíléèdì ṣì ń yí, tí olùtà wá ń sọ pé bí wọ́n ṣe ń lò ó nìyẹn, ẹ kó owó yín padà sápò.