Ọlọ́run tí kò ní ara, kí ló fi ń sún òkúta?

Bí iyàn lórí Ọlọ́run bá ti ń gbóná, ẹnì kan á ṣáà béèrè pé: Ọlọ́run tí kò lọ́wọ́, tí kò wúwo, tí kò sì gba àyè kankan, kí ló fi ń sún òkúta kúrò lójú kan? Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ìbéèrè yẹn nìkan ti tó láti parí iyàn náà. Kò tó. Àtakò mẹ́ta ló wà nínú ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn, wọn ò sì lágbára bákan náà. Èyí tó fẹ́lẹ́ jù làwọn èèyàn máa ń tì síwájú, wọ́n á wá pa èyí tó le tì.

Elisabeth, ọmọbabìnrin Bohemia, béèrè rẹ̀ tó ṣe kedere nínú lẹ́tà tó kọ sí Descartes, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Faransé, lóṣù Karùn-ún ọdún 1643. Ọkàn èèyàn lọ̀rọ̀ tiwọn dá lé, àmọ́ ohun tó bá ọkàn bá Ọlọ́run náà. Descartes ti sọ pé ara ni ohun tó gùn, tó fẹ̀, tó sì gba àyè. Pé ọkàn ò gba àyè rárá. Elisabeth wá ní: ohun tí wọ́n bá tì ló ń rìn, ẹni tó sì máa tì í gbọ́dọ̀ kàn án, báwo ni ohun tí kò ní ibi tí a lè fọwọ́ kàn ṣe fẹ́ kan nǹkan? Descartes fi ìwúwo dá a lóhùn. Ó ní ìwúwo ń fa òkúta wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó rò pé nǹkan kan ń fara kàn án tó ń tì í. Ìdáhùn náà ò tẹ́ Elisabeth lọ́rùn. Ó kọ̀wé padà pé ó rọ òun lọ́rùn láti gbà pé ọkàn ní ara ju kí òun gbà pé ohun tí kò ní ara lè mú ara rìn.

Àtakò ìfarakàn nìyẹn, òun ló sì fẹ́lẹ́ jù. Nígbà tó fi máa di 1687, Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará England, ti gbé ìṣirò jáde nínú èyí tí ayé àti òṣùpá ń fa ara wọn láìfarakan. Ọ̀rọ̀ pé nǹkan lè fa nǹkan láti òkèèrè, láìsí ohun kankan láàárín wọn, kò dùn mọ́ Newton fúnra rẹ̀ nínú, àmọ́ ìṣirò náà bá ohun tójú rí mu. Ẹ bi onímọ̀ físíìsì òde òní pé kí ló dé tí òòfà fi ń fa irin, á ṣàlàyé títí. Tó bá yá, á na ìṣirò sí yín, á ní bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Al-Ghazali, ọ̀mọ̀wé ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ti fọwọ́ kan ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1095. Ó ní bí iná bá kan òwú, ohun tójú rí ni pé òwú jó nígbà tí iná kàn án. Ojú ò rí i pé iná ló jó o. Lójú tirẹ̀, Ọlọ́run ló ń jó o. Hume, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Scotland, ò bá a dé ìdí Ọlọ́run, àmọ́ lọ́dún 1748 òun náà kọ ọ́ pé bí bọ́ọ̀lù kan bá gbá òmíràn, a ò rí okùn tó so méjèèjì pọ̀, a kàn rí i pé èyí tẹ̀ lé ìyẹn ni. Tí “báwo” ò bá ní ìdáhùn tó dópin lórí bọ́ọ̀lù méjì, kò yẹ ká fi pa Ọlọ́run nìkan lẹ́nu mọ́. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o: ìyẹn ò fi hàn pé Ọlọ́run ń ṣe nǹkan kan.

Àtakò kejì ni ti ẹ́nájì, ìyẹn agbára tí nǹkan fi ń ṣiṣẹ́, àwọn tó ka sáyẹ́ǹsì ló fẹ́ràn rẹ̀ jù. Kí ohun tó wúwo tó gíráàmù 1 tó lè gòkè ní sẹ̀ǹtímítà 1, ẹ máa ná nǹkan bíi joule 0.0001 (joule ni wọ́n fi ń wọn ẹ́nájì). Bí Ọlọ́run bá gbé e, ibo ni ìyẹn ti wá, nígbà tí òfin sọ pé a kì í dá ẹ́nájì, a kì í sì í pa á run? Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ni pé òfin náà ní àfi kan nínú: bí ohunkóhun ò bá ti ìta wọlé. Àlàyé tí Emmy Noether, onímọ̀ ìṣirò, ṣe lọ́dún 1918 mú kó túbọ̀ yé wa pé ẹ́nájì kì í dín, kì í sì í lé, nítorí pé òfin tó ń darí nǹkan ò yí padà láti àná di òní. Ibi tí nǹkan bá ti ń ti ìta wọlé, iye inú ilé máa yí padà, òfin kankan ò sì bà jẹ́. Ìbéèrè tó lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀ ni pé: ṣé ẹnikẹ́ni ti rí joule 0.0001 tí kò níbi tó ti wá rí? Títí di báyìí, ìwé owó físíìsì ń bára mu ní gbogbo ibi tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ẹ̀rí gidi nìyẹn jẹ́. Àmọ́ “a ò rí i” yàtọ̀ sí “kò lè ṣẹlẹ̀”, ẹni tó bá sì pò ó pọ̀ ti ba iyàn ara rẹ̀ jẹ́.

Àwọn onígbàgbọ́ kan rò pé àwọn rí ọ̀nà àbùjá gbà nínú átọ́ọ̀mù, ìyẹn ègé tíńtìntín tó para pọ̀ di gbogbo nǹkan. Ẹ mú technetium-99m, tí wọ́n ń lò nílé ìwòsàn láti ya àwòrán inú ara: láàárín wákàtí 6, ìdajì átọ́ọ̀mù rẹ̀ á ti yí padà fúnra wọn, kò sì sí ìṣirò tó lè sọ èwo ló kàn. Ṣé Ọlọ́run ò lè máa mú èyí tó máa yí padà níbẹ̀? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Nínú átọ́ọ̀mù 1,000, á ṣẹ́ ku nǹkan bíi 500 lẹ́yìn wákàtí 6. Bí a bá ṣe é léraléra, ìdá méjì nínú mẹ́ta ìgbà ló máa bọ́ sáàárín 484 sí 516. Níwọ̀n ìgbà tí Ọlọ́run bá dúró sáàárín ibẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fura. Tó bá fi 600 sílẹ̀, tó sì ń ṣe é lemọ́lemọ́, ẹ̀rọ á gbé e síta. Kò tán síbẹ̀ o: átọ́ọ̀mù kan kì í dá òkúta sún, àfi kí nǹkan kan sọ ìṣẹ̀lẹ̀ kékeré yẹn di ńlá. Àlàyé mìíràn sì wà, bí èyí tí Bohm, onímọ̀ físíìsì, gbé jáde lọ́dún 1952, tó ní kò sí àyè kankan tó ṣí sílẹ̀ níbẹ̀ rárá. Èmi ò fẹ́ràn ọ̀nà yìí. Ọlọ́run tó dá ohun gbogbo, tó wá ń fara pamọ́ sínú ìyàtọ̀ átọ́ọ̀mù mẹ́rìndínlógún!

Àtakò kẹta ló le, Jaegwon Kim, onímọ̀ ọgbọ́n orí, ló sì gbé e kalẹ̀ dáadáa. Ìbọn méjì dún lẹ́ẹ̀kan náà, èèyàn méjì ṣubú. Báwo la ṣe mọ ìbọn tó pa èwo? A máa tọ ipa ọ̀nà ọta: ibi tó ti wá, ibi tó forí lé. Ohun tí kò sí níbì kankan kò ní ipa ọ̀nà. Ẹ wá mú òkúta méjì tó jọra láìku ibì kan, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, kí Ọlọ́run sún ti ibí. Kí ló so ìfẹ́ Rẹ̀ mọ́ èyí tí kò fi mọ́ ìyẹn? Bí ẹ bá ní “Ó mọ èyí tó ní lọ́kàn” ni, ìbéèrè náà kàn ṣí díẹ̀ ni: kí ló so ìmọ̀ Rẹ̀ mọ́ èyí gan-an?

Ìdáhùn tó dára jù tí mo mọ̀ gba ọ̀nà tí Thomas Aquinas, àlùfáà àti onímọ̀ ẹ̀sìn Kátólíìkì, là kọjá, kó tó kú lọ́dún 1274. Lójú rẹ̀, Ọlọ́run kì í ṣe ohun kan lára àwọn ohun tó ń ti ara wọn kiri. Òun ló ń mú kí òkúta wà ní ìṣẹ́jú yìí gan-an, òkúta náà sì ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ ní tòótọ́. Nítorí náà Ọlọ́run ò nílò ipa ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ òkúta ti ibí, nítorí pé wíwà rẹ̀ gan-an ọwọ́ Rẹ̀ ló ti ń wá. Ó dáhùn Kim lójú tèmi. Àmọ́ ó lówó lórí: bí Ọlọ́run bá gbé òkúta méjèèjì dúró bákan náà, èyí tó ń wó lu èèyàn wà lọ́wọ́ kan náà pẹ̀lú èyí tó yẹ̀ ẹ́. Malebranche, àlùfáà àti onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Faransé, rí gbèsè yìí. Lọ́dún 1680 ó kọ ọ́ pé òfin tó kan gbogbo ayé ni Ọlọ́run fi ń ṣiṣẹ́, kì í fẹ́ nǹkan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí òjò fi ń rọ̀ sórí òkun tí kò nílò rẹ̀ bó ṣe ń rọ̀ sórí ilẹ̀ tí wọ́n fún irúgbìn sí. Arnauld, tí òun náà jẹ́ àlùfáà, ò gbà. Ó ní Ọlọ́run tó bá rí bẹ́ẹ̀ kì í tọ́jú ẹnì kankan ní pàtó mọ́, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn méjèèjì sì fi kọ̀wé tako ara wọn lórí rẹ̀.