Ológbò Ọmọ Kánádà ní Parakin

Ọmọ aládùúgbò wa tó wà ní Kánádà ló ni ológbò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Àtikékeré ló ti ń tọ́ ọ nígbà tó ṣì ń gbé pẹ̀lú bàbá rẹ̀ níhìn-ín ní Parakin, ní Ilé-Ifẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Mọ́remí. Nígbà tí físà dé, ó di ẹrù, ó lọ. Físà ológbò kò sí níbẹ̀. Bàbá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni wọ́n fi ẹran náà sílẹ̀ fún. Bàbá Tíṣà ní òun ò lè fi orúkọ obìnrin tí wọ́n ṣe ère rẹ̀ síta ní ìlú yìí, ère tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 42, máa pe ẹran tó ń lá ìdí ara rẹ̀. Músù lòun ń pè é.

Ògiri kan péré ló wà láàárín ilé wọn àti ilé àwọn òbí mi. Èmi náà kó bọ̀ láti Leeds, ní England, torí ara Màámi tí kò le, kò sì pẹ́ tí mo dé tí Músù fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú fèrèsé kíṣìnnì wọlé. Á wá ní ìyálẹ̀ta, á tún wá lálẹ́ tí wọ́n bá ti mú iná lọ.

N kò kọ́kọ́ gbà pé ebi ló ń pa á, torí mo ti pàdé ológbò onírọ́ rí. Ní Leeds, pupa kan wà ládùúgbò tó máa ń ké lẹ́nu ọ̀nà mi bí ẹni tí kò rí oúnjẹ láti ọdún èṣí. Níbẹ̀, bí èèyàn ò bá mọ̀ bóyá ológbò ní ẹni tó ni ín, bébà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń ní kó so mọ́ ọn lọ́rùn, kó kọ ọ̀rọ̀ sí i, kó rọra fi tépù lẹ̀ ẹ́ kó má baà fún un lọ́rùn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó padà wá, wọ́n ti kọ èsì sẹ́yìn bébà náà: ó ti jẹun, òpùrọ́ ni, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má fún un ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ parí. Títí mo fi kó kúrò níbẹ̀, n kò mojú ẹni tó kọ ọ́. Ní England lónìí, bébà náà kò tilẹ̀ pọn dandan mọ́, torí láti ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2024, òfin ní kí ẹni tó ni ológbò ti fi ṣíìpù kékeré tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó ni ín sí i lábẹ́ awọ kó tó pé ọ̀sẹ̀ 20. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́, tí kò sì ṣe é láàárín ọjọ́ 21 tí wọ́n fún un, lè san tó £500. Bí àánú bá sì mú kó o gbé ológbò ẹlòmíràn pa mọ́ sílé, olè ni wọ́n máa pè ọ́.

Ti Parakin kì í ṣe òpùrọ́. Egungun ìbàdí rẹ̀ yọ gọngọ lábẹ́ awọ, eégbọn tò sí etí rẹ̀, ìrù rẹ̀ sì gbẹ. Lọ́jọ́ kan mo bá a tó ń lá ìkòkò ẹ̀bà. Ológbò tó bá ń lá ẹ̀bà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kọjá ojúkòkòrò. Ẹran àti ẹja ni ara rẹ̀ ń béèrè. Èròjà kan wà nínú wọn tí wọ́n ń pè ní taurine, bí ológbò kò bá rí i jẹ fún ìgbà pípẹ́, ojú rẹ̀ lè fọ́. Mo ju orí ṣáwá kan sílẹ̀ fún un. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń fọ́ egungun rẹ̀ wómúwómú, ó ń kùn lọ́fun, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára mi títí tí orí ẹja fi tán.

N kò fọwọ́ kàn án o. Ológbò England kò ní àrùn dìgbòlugi, tiwa lè ní in, kì í ṣe ajá nìkan. Ẹni tí ológbò bá gé jẹ tàbí tó ha lára níhìn-ín, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì gba ọsibítù lọ lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ká fi ata tàbí àgúnmu dí i. Ìbẹ̀rù ti Màámi yàtọ̀ sí tèmi. Gbogbo ìgbà tí ológbò bá ti wò wọ́n lójú ni wọ́n ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù.

Iṣẹ́ tó wá kù ni kí n lọ bá Bàbá. Kéèyàn lọ sọ fún àgbàlagbà pé ebi ń pa ẹran ilé rẹ̀, ó gba ọgbọ́n. Bó o bá sọ ọ́ gán-án, ohun tó máa gbọ́ ni pé ahun ni, tàbí pé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò tó o jẹ. Mo ra búrẹ́dì dání lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, mo kúnlẹ̀ kí wọn. A kí ara wa dáadáa: ara Màámi ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, ṣé àwọn òyìnbó ò tíì ní kí n padà wá. A sọ̀rọ̀ iná, a sọ ti owó epo, kí n tó wí pé, "Bàbá, Músù máa ń wá kí wa nílé o."

Ojú wọn yí padà. Wọ́n sún síwájú lórí àga. "Ẹran mélòó ló jẹ? Má fi pamọ́ fún mi, ọmọ mi. Màá san án."

Ládùúgbò wa, ẹni tó bá wá sọ̀rọ̀ ológbò, ẹjọ́ ẹran ìkòkò ló wá rò. Mo ní rárá, Bàbá, kò jí nǹkan kan. Àṣẹ ni mo wá gbà, bóyá wọ́n á jẹ́ kí n máa fún un ní orí ẹja. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. "Kó yó tán kó wá máa sùn? Ta ni yóò pa eku?" Àwọn náà ló rán mi létí ibà Lassa, pé láti ọdún 1969 tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno, eku ni wọ́n ń sọ pé ó ń gbé e kiri. Tíṣà ni wọ́n lóòótọ́.

N kò jiyàn nípa eku. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ebi ló ń lé ológbò sídìí eku. Inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló wà. Èyí tó yó náà ń dọdẹ. Èyí tí ebi ń pa ni kì í yan eku, bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo ilé ládùúgbò wa ló ń da oògùn eku sábẹ́ àga. Eku tó bá ti jẹ májèlé á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, òun ló sì rọrùn jù láti mú. Mo ní, "Bàbá, bí Músù bá jẹ irú ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ ò ní ológbò mọ́, ẹ ṣì ní eku." Ìyẹn wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Èmi kọ́ ni mo ni ín. Bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀." Wọ́n tẹ̀ ẹ́ láago lórí WhatsApp.

Ọmọ náà kí mi, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé o," ó wọ fìlà òtútù nínú ilé. Inú rẹ̀ dùn láti rí Mọ́remí, ṣùgbọ́n ìgbà tó rí egungun ìbàdí yẹn, ohùn rẹ̀ yí. "Dádì, owó tí mo ń fi ránṣẹ́ ńkọ́?"

"Owó wo?"

"Èyí tí mo máa ń kọ 'owó Mọ́remí' sí."

Bàbá wò mí, wọ́n wo fóònù. "Mo rò pé àwàdà ni!"

N kò lè dá ẹnì kankan lẹ́bi nínú wọn. Nígbà tí mo wà ní Leeds, èmi náà fi owó kíkùn ilé ránṣẹ́ rí, wọ́n fi ra bátìrì sólà. Ẹni tó wà lókè òkun gbà pé ibi tí òun rán owó ló máa bá a. Kò mọ̀ pé ìṣòro tó bá kọ́kọ́ pàdé owó lójú ọ̀nà ló máa gbé e. Ta ló máa ya owó ẹja ológbò sọ́tọ̀ nígbà tí gàrí ti wọ́n tó yìí? Ọmọ náà ní kí n fún òun ní nọ́ńbà àkáǹtì mi, mo kọ̀. N kò lè jẹ́ kí owó ọmọ fo bàbá dá wá sọ́dọ̀ mi, Bàbá kò sì ní kí mi dáadáa mọ́ láéláé. Ọ̀dọ̀ Bàbá lowó ṣì ń lọ. Àwọn fúnra wọn ló ń san án fún ìyá ẹlẹ́ja ní Sábó, ìyẹn á ti di orí ẹja sínú ọ̀rá sílẹ̀. Èmi ń bọ̀ ọ́ láìfi iyọ̀ tàbí ata sí i, pàápàá jù lọ àlùbọ́sà, torí ó máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́.

Dókítà ẹranko ti wá sílé fún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ó sì fi oògùn sí eégbọn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo wà nítòsí lọ́jọ́ tó ń wúkọ́ tí Bàbá ń lọ parasítámọ̀ fún un. Parasítámọ̀ máa ń pa ológbò, díẹ̀ nínú ẹ̀ náà tó o pa.

Ohun tó ṣẹ́kù báyìí ni iṣẹ́ abẹ tí dókítà ní kí a ṣe kó má baà máa lóyún, torí ológbò lè bímọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Ọmọ Kánádà ní ká ṣe é, òun á sanwó. Bàbá ní kò sí ẹni tó máa sọ ohun abẹ̀mí di àgàn nínú ọgbà òun. Màámi, tí wọn kò fẹ́ rí ológbò náà sójú rárá, ti lọ gbè sẹ́yìn Bàbá. Ìyá ẹlẹ́ja ní tirẹ̀ ti bẹ̀ wá pé tó bá ti bí, ká fi akọ kan sílẹ̀ fún òun, eku fẹ́ pa òun ní ṣọ́ọ̀bù.