Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Fi Pamọ́, Ọlọ́run sì Dá Mi Sí

Ẹ yin Olúwa! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga. Jẹjẹrẹ prostate (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀) pa bàbá mi, ó yọ sí ẹ̀gbọ́n mi, ó tún yọ sí èmi náà, síbẹ̀ mo wà láàyè.

Kò sí ibi tó ń dùn mí. Ìtọ̀ mi ń já geere. Àìsàn yìí kì í sábà fara hàn níbẹ̀rẹ̀. "Àìsàn ìtọ̀" lásán ni gbogbo èèyàn pe ti bàbá wa títí a fi sin ín, ẹ̀gbọ́n mi ló tọpinpin rẹ̀ nígbà tí wọ́n rí tirẹ̀, ló bá pè mí: "Àbúrò, ohun tó pa bàbá wa náà ló wà lára mi. Lọ ṣàyẹ̀wò." Ẹlòmíràn ì bá fi pamọ́.

Mo bi dókítà bóyá gbogbo ọkùnrin ló yẹ kó ṣe àyẹ̀wò PSA, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wọn èròjà kan tó ń ti ara prostate wá. Ó ní rárá. PSA lè ga nítorí pé prostate kàn wú, tàbí kòkòrò wọ ọ̀nà ìtọ̀. Jẹjẹrẹ mìíràn sì wà níbẹ̀ tó ń wọ́ bí ìgbín, tí kò ní pa ẹni; bí wọ́n bá torí rẹ̀ gbé ọ̀bẹ, ìtọ̀ lè máa jò, agbára ọkùnrin sì lè lọ. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, bàbá yín ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́? Aláwọ̀ dúdú sì ni yín. Ewu tiyín ga."

Èmi náà ò ní pariwo pé kí gbogbo ọkùnrin lọ tò fún àyẹ̀wò. Àwa tí ewu wà lórí wa ni kí wọ́n wá kàn. Àmọ́ ta ni yóò wá ẹni tí wọn ò sọ ohun tó pa bàbá rẹ̀ fún kàn?

PSA mi ga. Wọ́n kọ́kọ́ fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, yẹ̀ mí wò, kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ bu díẹ̀ níbẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Lórí òṣùwọ̀n Gleason tí wọ́n fi ń mọ bí jẹjẹrẹ yìí ṣe le tó, 7 ni tèmi, 4 ṣáájú 3, ìyẹn ni pé èyí tó le jù ló pọ̀ jù níbẹ̀: kì í ṣe èyí tí à ń wò níran. Ó ṣì wà nínú prostate, kò tíì tàn ká, wọ́n sì yọ prostate náà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fa rọ́bà ìtọ̀ kúrò lára mi, orin ni mo ń kọ. Agbára ọkùnrin ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ìyàwó mi má gbọ́ pé mo sọ ọ́ níbí o! PSA mi ti lọ sílẹ̀ débi pé ẹ̀rọ kò rí i kà mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wà láàyè. Àbúrò wa tó kẹ́yìn ti lọ gbẹ̀jẹ̀, tirẹ̀ kò ga, wọ́n ní kó máa padà wá. Ẹ bá wa dúpẹ́.