Bátìrì tí mo tà ní ẹ̀yìnkùlé wa

Èmi gan-an ni mo fọwọ́ ara mi gbé bátìrì ínfátà olómi tó ti kú lọ tà fún bàbá tó ń ra àlòkù bátìrì lẹ́yìn àdúgbò wa ní Ìlọrin níbí o. Mo gbowó, inú mi dùn. Ìgbà tó yá ni mo bá ẹ̀yìn ibẹ̀ kọjá, mo wá rí ohun tí wọ́n ń ṣe sí i. Àáké ni wọ́n fi ń là á! Wọ́n ń da ásíìdì rẹ̀ sínú gọ́tà, wọ́n ń ru pléètì inú rẹ̀ sínú àpò, àwọn ọmọ tó ń ti ilé kéwú bọ̀ sì ń gba àárín ẹ̀ kọjá pẹ̀lú wàláà lọ́wọ́, ọ̀kan tiẹ̀ lóṣòó síbẹ̀ ó ń fi yẹ̀pẹ̀ ro àmàlà.

Òjé ni pléètì yẹn, ohun tí òyìnbó ń pè ní lead. Òjé yìí kan náà làwọn olóòṣà Ọbàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́, a ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, bóyá ìyẹn ni ò jẹ́ ká bẹ̀rù ẹ̀. Ààtàn là ń sá fún torí ó ń rùn, eruku òjé ní tiẹ̀ kì í rùn, kì í ta èèyàn lójú. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní ara ọmọdé máa ń fa òjé tó bá gbé mì tó ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbàlagbà, kò sì sí ìwọ̀n kankan tí wọ́n lè ní kò léwu. Ó ń ba ọpọlọ jẹ́, ó ń sá pamọ́ sínú egungun. Inú á kàn máa run ọmọ, á máa gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́ ọ, ẹ̀yin á ní olódo ni.

Ẹ rántí Zamfara lọ́dún 2010. Góòlù ni wọ́n ń wá, òkúta tí góòlù wà nínú ẹ̀ ló ní òjé, inú agboolé ni wọ́n sì ti ń lọ̀ ọ́, ẹ̀rọ ìlọkà làwọn míì ń lò. Ọmọ tó kú lé ní 400. Èyí tó dùn mí jù ni pé àwọn dókítà Médecins Sans Frontières ò lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àwọn ọmọ títí wọ́n fi kó yẹ̀pẹ̀ olóró kúrò ní agboolé wọn, torí bó o bá wo ọmọ sàn tó tún padà sórí yẹ̀pẹ̀ yẹn, asán ni. Àwọn ará Bagega, abúlé kan ní Zamfara níbẹ̀, ó di 2013 kí wọ́n tó kó tiwọn.

Lọ́dún 1988 tí wọ́n fi ọkọ̀ òkun kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá dà sí ìlú Koko lọ́dọ̀ wa níbí, gbogbo Nàìjíríà pariwo, ìjọba ṣòfin, ẹ̀wọ̀n gbére ló wà nínú ẹ̀. Ti ẹ̀yìnkùlé wa wá ńkọ́?

Nílé tèmi ṣá, a ò gbálẹ̀ gbígbẹ mọ́, aṣọ tó lómi la fi ń nù ún. Bàtà ń kù síta, ọmọ ò gbọdọ̀ jẹun láìfi ọṣẹ fọwọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ẹ ń se omi kànga kẹ́ ẹ tó mu, ó ń pa kòkòrò lóòótọ́, àmọ́ òjé ò bá omi híhó lọ.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé mítìǹgì àwọn onílé. Bàbá oníbátìrì ní, "Ogún ọdún ni mo ti ń ṣe é, kí ló ṣe mí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní kó máa tà á lódidi, kó má là á mọ́, ó ní owó odidi ò tó nǹkan, ẹni mẹ́fà ló sì ń bọ́, mi ò rí èsì fún un. Ìyàwó ẹ̀ ló kanlẹ̀kùn mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àbíkẹ́yìn wọn wà lẹ́yìn ẹ̀, ó ní ṣé mo mọ ibi tí wọ́n ti ń yẹ òjé wò nínú ẹ̀jẹ̀. Láàbù méjì la ti lọ báyìí, wọn ò ṣe é níbẹ̀, a ṣì ń wá a.

Bátìrì tuntun tí mo rà sì ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ nínú pálọ̀. Mi ò tíì mọ ẹni tí màá gbé e fún.