Ọdún tí mo fi etí sí ohùn ìsàlẹ̀

Oṣù Ọ̀pẹ̀ ti ń lọ sópin, mo sì ń ṣe àyẹ̀wò ọdún mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Ti ìlera wà níbẹ̀, ti iṣẹ́ wà níbẹ̀, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ọkàn mi lé jù lọ́dún yìí ni gìtá béèsì, gìtá tó ń dún ohùn ìsàlẹ̀ nínú orin, pàápàá èyí tí àwọn obìnrin ń ta nínú ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ní ilẹ̀ Jàpáànì.

Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ béèsì ni mo ti ń wá ẹni tí n ó máa tẹ̀lé. Gìtá olókùn mẹ́rin yìí wúwo, okùn rẹ̀ nípọn, ọrùn rẹ̀ sì gùn fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kéré. Síbẹ̀, àwọn èèyàn á máa sọ pé torí pé béèsì rọrùn ni wọ́n ṣe máa ń gbé e fún obìnrin. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí. Ọdún yìí ni mo wá rí ẹ̀rí tó pọ̀ tó láti pè é ní irọ́.

Kojima Sachiho ló dá Zelda sílẹ̀ ní Tokyo ní 1979, ẹgbẹ́ obìnrin pọ́ńbélé, béèsì ni òun fúnra rẹ̀ sì ń ta. Lọ́dún 1981 ni Shonen Knife bẹ̀rẹ̀ ní Osaka, tí Nakatani Michie ń ta béèsì tó sì ń kọrin. Àwọn ló bá Nirvana, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, rìnrìn àjò eré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1991. Ẹ tún wo ẹgbẹ́ Princess Princess. Watanabe Atsuko, ẹni tó ń ta béèsì, ni olórí wọn. Orin wọn "Diamonds" ló gba ipò kìíní nínú orin tó tà jù ní Jàpáànì lọ́dún 1989. Wọ́n tú ká ní 1996. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì tí omi òkun sì ya wọ ìlú ní 2011, wọ́n tún kóra jọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì fi èrè eré wọn ṣèrànwọ́. Nínú owó yẹn ni wọ́n ti fi ran kíkọ́ gbọ̀ngàn orin Sendai PIT lọ́wọ́, èyí tí wọ́n ṣí ní 2016. Ṣé ẹni tí wọ́n kàn fi sí ẹ̀gbẹ́ ìtàgé ni olórí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀?

Àwọn tí mo gbọ́ jù lọ́dún yìí ni ẹgbẹ́ Base Ball Bear. Ọmọ ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì ni wọ́n ní 2001, wọ́n kóra jọ láti kọ orin Supercar níbi àjọ̀dún ilé-ìwé wọn. Supercar yìí, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì láti Aomori ní àríwá Jàpáànì, Furukawa Miki ló ń ta béèsì wọn nígbà náà. Sekine Shiori ló sì gbé béèsì fún àwọn ọmọ ilé-ìwé náà. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí pé ohun tí obìnrin kan ta ní àríwá ni ọmọbìnrin mìíràn kọ́kọ́ fi bọ́ síta.

Ní 2016 ni ẹnì kan nínú àwọn méjì tó ń ta gìtá nínú Base Ball Bear kúrò, nígbà tó sì yá, àwọn mẹ́ta tó kù nìkan ló ń gun orí ìtàgé. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ jù. Nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta, bí gìtá bá gbéra lọ dá orin tirẹ̀ ta lókè, kò sí gìtá kejì tí yóò di àyè tó ṣí sílẹ̀. Béèsì nìkan ló kù tó lè jẹ́ kí etí mọ kọ́ọ̀dù, ìyẹn àkójọ ohùn tó ń dún pọ̀, tí orin wà. Sekine gbọ́dọ̀ yàn: ṣé kó dúró lórí ohùn ìpìlẹ̀ ni, àbí kó rìn lọ bá gìtá? Ó sì tún ń gbe orin lẹ́nu lásìkò kan náà. Bí gúdúgúdú ṣe ń di ìlù mú nígbà tí ìyáàlù ń sọ̀rọ̀ ni mo ṣe ń gbọ́ ọ.

Fukuoka Akiko, tó ń ta béèsì nínú ẹgbẹ́ Chatmonchy láti Tokushima, tún ya mí lẹ́nu ju ìyẹn lọ. Onílù wọn kúrò ní 2011, ó ku òun àti ẹni tó ń kọrin tó sì ń ta gìtá. Fukuoka gbé béèsì sílẹ̀, ó jókòó sídìí ìlù, àwọn méjèèjì sì ń bá eré lọ títí wọ́n fi parí iṣẹ́ ní 2018. Kì í ṣe gbogbo olórin ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń ta béèsì fún ọdún pípẹ́ ti mọ ibi tí ẹsẹ̀ onílù máa ń bọ́ sí, torí ibẹ̀ gan-an ni ìka tirẹ̀ ń bọ́ sí.

Ti Kusakari Ami, tó ń ta béèsì nínú ẹgbẹ́ Sakanaction, kò gùn, àmọ́ mo fẹ́ kí ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi gbọ́ ọ. Nígbà tó lóyún tó sì bímọ ní 2015, ẹgbẹ́ náà dá eré orí ìtàgé dúró, wọ́n ń dúró dè é. Ó padà, eré sì bẹ̀rẹ̀.

Ogawa Tomomi ti Scandal àti Kasai Yurika ti Hitsujibungaku náà wà lára àwọn tí mo ń gbọ́ tí mo bá ń dáná.

Lọ́dún tó ń bọ̀, kíkọrin pẹ̀lú títa béèsì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni mo fẹ́ mọ̀. Nakatani ṣe é, Furukawa ṣe é, Sekine ń ṣe é. Orin Shonen Knife ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, torí béèsì wọn ń lọ tààrà, ẹnu á ráyè. Tó bá ti mọ́ mi lára, n ó bọ́ sí ti Sekine.