Steam Deck OLED àlòkù n'Ílọrin: ohun tí mo ti kọ́ nípa yíyẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́

Steam Deck ni ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́gbé tí iléeṣẹ́ Valve ṣe; OLED àti LCD ni irú ojú méjì tó ní. Ẹ má fi 512GB, ìyẹn àyè tó fi ń kó géèmù pamọ́, ṣe ẹ̀rí pé OLED ni. Steam Deck alójú LCD ní 512GB, OLED tó jáde ní November 2023 náà sì ní i. Ọlọ́jà kan ní Taiwo Road lè má mọ ìyàtọ̀ kó sì pe owó OLED lé LCD lórí.

Bọ́tìnnì tí a fi ń tan án ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ti OLED ní àwọ̀ ọsàn tó pọ́n, ti LCD dúdú. Àmọ́ bọ́tìnnì ṣeé pààrọ̀, nítorí náà ẹ tan ẹ̀rọ náà, ẹ tẹ bọ́tìnnì alámì tóótòòtó mẹ́ta lápá ọ̀tún, ẹ wá Performance. Ní Frame Limit, ìyẹn iye àwòrán tó lè gbé jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, OLED ń dé 90. LCD kì í kọjá 60.

Ẹ wá gbé àwòrán dúdú kirikiri sójú rẹ̀ níbi tó ṣókùnkùn. OLED á dà bí èyí tí wọ́n pa, torí pixel kọ̀ọ̀kan (àwọn tóótó wẹ́wẹ́ tó para pọ̀ di àwòrán) ló ń dá tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. LCD á ṣì máa tàn fírífírí. Ẹ tún gbé funfun, pupa, àwọ̀ ewé àti aró síbẹ̀, kí ẹ wá ibi tó kú. Àwọ̀ eérú ló ń tú àṣírí jù: bí òjìji àmì géèmù bá hàn lára rẹ̀, ojú ti jóná nìyẹn. Kò ní lọ, ohun yòówù kí ọlọ́jà wí, àfi kí ẹ pààrọ̀ ojú náà. Tó bá kàn rí bí iyanrìn wẹ́wẹ́ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, ìyẹn kì í ṣe àbùkù.

Ẹni tó ní òun á fi ojú OLED sára LCD yín, ẹ dágbére fún un. Wọn ò bára mu.

Ní tèmi, OLED 1TB ló yẹ ẹni tó ń gbá géèmù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí iná bá lọ, torí gíláàsì rẹ̀ kì í dán. Ẹ má wá lọ lẹ ike tó ń dán mọ́ ọn o!

Ṣájà 45W ló ń lò. Ti fóònù kékeré lè má lè bá géèmù tó wúwo sáré, bátìrì á máa lọ sílẹ̀ bí ẹ tiẹ̀ so ó mọ́ iná.

Bí eruku ọyẹ́ bá wọ fáànù, ẹ yọ káàdì microSD kí ẹ tó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè kán sí méjì. Síkúrù mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, Torx T6, ìyẹn irú tí orí rẹ̀ dà bí ìràwọ̀, ni. Irin mìíràn á jẹ wọ́n lórí.