Fíúùsì kọ́ńbò gìtá jó? Ẹ wá ohun tó jó o kí ẹ tó fi òmíràn sí i

Obìnrin kì í ṣàdédé jẹ́ Kúmólú, fíúùsì kọ́ńbò (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, tó ní sípíkà nínú) náà kì í ṣàdédé jó. Ohun kan ti fa iná ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ bá kàn ra tuntun tì bọ̀ ọ́, owó tuntun náà ló máa gbé. Èyí tó burú jù ni kí wọ́n wé wáyà mọ́ ọn, tàbí kí wọ́n fi 10A (áńpì mẹ́wàá) síbi tí wọ́n kọ 2A sí. Tiransifọ́mà, tó ń yí fóòtì iná padà, tó sì wà lára ohun tó wọ́n jù nínú kọ́ńbò, ni yóò wá jó dípò fíúùsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì lára ògiri, ẹ tú ìdérí fíúùsì, kí ẹ gbé gíláàsì rẹ̀ sójú ìmọ́lẹ̀. Bí gíláàsì bá mọ́ tí wáyà tín-ínrín inú rẹ̀ kàn já, ó lè jẹ́ pé ó ti gbó, tàbí kí iná ga díẹ̀. Bí gíláàsì bá dúdú tàbí tó ń dán bíi dígí, iná ńlá ló gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nǹkan kan ti bíríìjì nínú, ìyẹn ni pé ohun méjì tí kò yẹ kó kanra ti kanra. Ẹ fi mítà wọn fíúùsì náà pẹ̀lú, torí ojú máa ń tan èèyàn jẹ: èyí tó dára máa ń sún mọ́ òdo ohm (Ω), ìyẹn òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára irin rẹ̀. Nínú T2AL250V, T túmọ̀ sí pé ó ní sùúrù. F kò ní. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan tiransifọ́mà, ó máa ń gbé iná púpọ̀ mì kó tó fara balẹ̀, nítorí náà F tí ẹ fi síbi tó yẹ kí T wà lè jó láìsí ohun kankan tó bàjẹ́. Ẹ wo gígùn rẹ̀ náà: 5×20 mm wà, 6.3×32 mm sì wà.

Bó bá jẹ́ kọ́ńbò tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó fura sí ohun mìíràn. Bí wọ́n bá kọ 120V síbẹ̀, tí ẹ sì tì í bọ iná 230V tiwa, fíúùsì á jó lójú ẹsẹ̀. Ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, tiransifọ́mà sì lè yè é. Àwọn kan ní ibi tí wọ́n ti ń yí i sí 230V, ó lè wà lẹ́yìn tàbí nínú. Bí ẹ bá yí i, fíúùsì gbọ́dọ̀ yí padà: fóòtì di ìlọ́po méjì, áńpì di ìdajì, 4A á di 2A. Bí kò bá ní, stepdown, ẹ̀rọ tó ń sọ 230V di 120V, ni ẹ máa rà. Kọ́ńbò tó ń jẹ 300W, ẹ ra stepdown 500VA fún un.

Irinṣẹ́ tó ń gba fíúùsì lọ́wọ́ ikú ni gúlóòbù àtijọ́ 100W, èyí tó máa ń gbóná. LED kò lè ṣe é. Ẹ gé wáyà láìfù (èyí tó ń gbé iná wá) ẹ́sténṣọ̀n kan, kí ẹ so gúlóòbù náà sí àárín rẹ̀, kí ẹ wá ki kọ́ńbò bọ̀ ọ́. Bí gúlóòbù bá tàn yòò tó sì rọlẹ̀ di bàìbàì, kò séwu. Bó bá dúró lórí títàn yòò, ó ti bíríìjì.

Kọ́ńbò onítúùbù rọrùn láti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ yọ àwọn túùbù (ìgò gíláàsì tó ń gbóná) ńlá ẹ̀yìn, EL34 tàbí 6L6, ẹ fi fíúùsì tó tọ́ sí i, ẹ tàn án lórí gúlóòbù. Bí gúlóòbù bá wá rọlẹ̀, túùbù tàbí báyáàsì rẹ̀ (fóòtì tó ń kó túùbù níjàánu) ló lẹ́jọ́. Ẹ wọn ẹsẹ̀ karùn-ún sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn: nínú ọ̀pọ̀ irú kọ́ńbò bẹ́ẹ̀, fóòtì náà máa ń wà lábẹ́ òdo, bíi −35V sí −50V. Bí kò bá sí níbẹ̀ nínú irú wọn, ó lè jẹ́ pé kàpásítọ̀ (ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́) báyáàsì ti gbẹ, túùbù tuntun tí ẹ bá fi síbẹ̀ á pọ́n wẹ̀ẹ̀, á sì kú. Ẹ wo àárín ẹsẹ̀ kejì àti ẹ̀kẹta náà. Bí iná bá ti jó ọ̀nà dúdú síbẹ̀, ẹ má nù ún, ẹ pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Bí gúlóòbù bá ṣì ń tàn yòò láìsí túùbù, ẹ yẹ dáyóòdù, tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, wò. Mítà yẹ kó ka 0.5 sí 0.7 lọ́nà kan, kó má ka nǹkan kan lọ́nà kejì. Bó bá ka òdo lọ́nà méjèèjì, ó ti kú. Dáyóòdù 1N4007 kò wọ́n, ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn. Lẹ́yìn wọn ló kan kàpásítọ̀ ńlá, kó tó kan tiransifọ́mà.

Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ tó kan inú kọ́ńbò onítúùbù: kàpásítọ̀ lè pa 400V sí 500V mọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì, ó sì lè pa èèyàn. Ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ (ohun tó ń dí iná lọ́nà) 10kΩ, 5W, tí ẹ so mọ́ wáyà tó ní rọ́bà, fa iná náà lọ sára irin ṣásì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹ sì fi mítà wò ó. Bí ẹ kò bá ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ gbé e fún oníṣẹ́.

Fún kọ́ńbò onítiransísítọ̀, tiransísítọ̀ ńlá ara irin tó ń gbóná ló sábà máa ń bíríìjì, torí sípíkà tó pọ̀ jù. Sípíkà 8Ω méjì tí ẹ so pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn di 4Ω, mẹ́ta á wọ́ ọ bọ́ sí 2.7Ω. Ẹ pààrọ̀ wọn ní méjì-méjì, ẹ sì ṣọ́ra, ayédèrú tiransísítọ̀ 2SC5200 àti 2SA1943 pọ̀ lọ́jà gan-an. Ẹ fi máíkà (pélébé tí kì í jẹ́ kí iná kan irin) tí kò ya sẹ́yìn wọn. Kí ẹ tó so sípíkà padà, ẹ fi mítà wọn fóòtì DC (iná tó ń lọ lọ́nà kan ṣoṣo) níbi tí sípíkà ń wọlé: bó bá ju 100mV lọ, ẹ má tíì so ó.